Jẹ́ Kó Dẹ̀ Lókè

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń rán tapólì ọkọ̀ kòkó,
mo mọ aṣọ tó le, mo mọ èyí tó ń purọ́.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú ẹrù Fáníyì
sórí koríko, létí omi tí ìjọba sé ní Ìkún,
aṣọ náà dún wàràwàrà bí owó tuntun,
ó mọ́ gaara bíi gíláàsì,
mo rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi lódìkejì rẹ̀.

Ìgbòkun.
Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nílé ìwé ọjọ́ ìsinmi nìkan,
àwa ọmọ òkè, àwa tí òkun jìnnà sí bí òṣùpá.

Mo ki òpó méjì bọ ara wọn, wọ́n di ọ̀kan,
ó fúyẹ́ bíi pòròpórò àgbàdo.
Mo tì í sínú àpò gígùn etí aṣọ,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ki okùn bọ ṣòkòtò ọmọdé.
Lẹ́yìn náà, egungun ìhà rẹ̀, ọ̀pá pẹlẹbẹ márùn-ún.
Mo de apá rẹ̀ mọ́ òpó ní ọ̀gangan èjìká Mojírayọ̀,
nítorí òun ni yóò gùn ún. Èmi ò mọ̀wẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi okùn ìsàlẹ̀.
Mo fà á níwọ̀n tó tọ́ lójú télọ̀:
aṣọ náà tẹ́jú, kò hunjọ níbì kankan.
Mo pe ọmọ: "Wá wò ó."
Ó gbé e dìde. Atẹ́gùn kan yọ láti ẹ̀yìn òkè,
ikùn aṣọ náà wú, ó sún síwájú, ó sún sẹ́yìn
bí ẹrù tí wọn ò dì dáadáa lórí kẹ̀kẹ́,
ó wọ́ ọmọ mi sínú ẹrẹ̀.
Àwọn màlúù oníwàrà òdìkejì gbójú sókè.
Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ṣe mí bíi pé wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Mo tún ohùn Fáníyì gbọ́ lórí fóònù,
ohùn tó fi ránṣẹ́ láti ìlú oníyìnyín,
atẹ́gùn ibẹ̀ ń gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ:
"Fà á sí i. Bó o bá rò pé ó tó, kò tíì tó.
Fà á títí etí rẹ̀ lókè yóò fi máa gbọ̀n bí etí ajá.
Jẹ́ kó dẹ̀ lókè, Àjíbọ́yè. Jẹ́ kó dẹ̀."

Kó dẹ̀ kẹ̀?
Èmi tí ọ̀gá mi fi rúlà gbá lọ́wọ́
nítorí etí aṣọ kan ṣoṣo tó dẹ̀!
Mo fi ẹsẹ̀ ti ìdí òpó, mo we okùn mọ́ ọmọ igi kan,
mo fà títí ẹ̀yìn mi fi ké.
Òpó tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà.
Ìsàlẹ̀ le gbagidi. Òkè rọ, ó ń gbọ̀n,
lójú tèmi, aṣọ tó bàjẹ́ gbáà ni.
Ó ku okùn ẹ̀yìn: ìka méjì péré.
Mo tú u. Mo tún un dè. Ìka kan ààbọ̀.

"Bàbá, ó tó," ni Mojírayọ̀ wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó dúró lórí pákó. Atẹ́gùn tún dé, tòun ti eruku ọyẹ́.
Òkè aṣọ náà ṣí díẹ̀,
ó jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù kọjá,
ó di ìyókù mú.
Pákó náà kọ́kọ́ rò ó wò. Lẹ́yìn náà ó lọ.

Ó fa ìlà funfun sórí omi bíi ṣọ́ọ̀kì lórí aṣọ.
Ó kéré, ó tún kéré, ó di orí abẹ́rẹ́.
Ọwọ́ mi ń wá okùn tí yóò fà.
Mo rántí ohun tí ìyá rẹ̀ ń bá mi sọ láti èṣí,
nípa ọmọ yìí, nípa yunifásítì ọ̀nà jíjìn tó fẹ́ lọ.
Mo kó ọwọ́ bọ àpò.

Màlúù kan ké.
Mi ò tilẹ̀ bi í
bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà.